Kíláàsì ìsinmi kan ní Abẹ́òkúta tí ń fi kẹ́ẹ̀gì àti síríńjì kọ́ ọmọdé bí a ṣe ń ṣọ́ omi lò

Nígbà tí àwọn ilé ìwé gba ìsinmi gígùn tó kọjá, mo mú àwọn ọmọ mi méjèèjì, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ọlọ́dún márùn-ún, lọ sí kíláàsì ọlọ́jọ́ mẹ́wàá kan ní agbègbè Ìbarà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé bí a ṣe ń ṣọ́ omi lò. Owó rẹ̀ jẹ́ 18,000 náírà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, oúnjẹ ọ̀sán sì wà nínú rẹ̀. Àwọn òbí mélòó kan ti bi mí bóyá ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ tó owó náà, nítorí pé kíláàsì ìsinmi tí a mọ̀ ní ìlú yìí ni èyí tí wọ́n ti ń tún ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ títí ilé ìwé yóò fi wọlé padà. Èmi náà ṣiyèméjì nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kí ni ènìyàn fẹ́ sọ nípa omi fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì? N kò ní dárúkọ ibẹ̀, nítorí pé mo ní ẹ̀sùn díẹ̀ lọ́wọ́, mo sì ti sọ ọ́ lójú ẹni tó ni kíláàsì náà kí n tó jókòó kọ èyí. Ṣùgbọ́n òbí tó bá ń gbé ní Abẹ́òkúta yóò rí ohun mú lò nínú rẹ̀, yálà ibẹ̀ ló mú ọmọ rẹ̀ lọ tàbí ibòmíràn.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ni wọ́n ń lò. Ó ní kànga ní ẹ̀yìnkùlé, tánkì onílítà 1,000 méjì lórí òpó irin, igi máńgòrò ńlá kan níwájú, àti ẹnu ẹ̀rọ kan tí ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nígbà tí mo rí èyí tí ń jò yẹn ní ọjọ́ tí mo lọ forúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀, inú bí mi díẹ̀. Mo rò ó nínú ara mi pé ẹni tí kò lè tún ẹnu ẹ̀rọ tirẹ̀ ṣe ló fẹ́ kọ́ ọmọ mi ní ìtọ́jú omi. N kò mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀. Obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ló dá kíláàsì náà sílẹ̀. Ìyá Àgbà ni àwọn ọmọ ń pè é, àwọn ọ̀dọ́ méjì sì ń ràn án lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìwé kò sí, pátákó kò sí. Wọ́n pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní kẹ́ẹ̀gì onílítà márùn-ún kan, wọ́n sì ní kí wọ́n pọn omi láti ẹ̀yìnkùlé wá sínú ike ńlá tí orúkọ ẹgbẹ́ wọn wà lára rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Àgbàlagbà ló dúró ti kànga tó ń fa omi fún wọn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fòyà. Lítà omi kan, kílò kan ni. Ọmọ tó bá ru kẹ́ẹ̀gì onílítà márùn-ún ti ru kílò márùn-ún, ọ̀nà tó yí ilé náà ká kò sì kúrú. Bí ọmọ mẹ́rin bá lọ tí wọ́n sì bọ̀ lẹ́ẹ̀kan, 20 lítà ló wà nínú ike wọn. Ohun tí Ìyá Àgbà sọ lẹ́yìn náà kò pọ̀: omi yìí ni ẹ ó fi fọwọ́, òun ni ẹ ó fi fọ abọ́ tí ẹ bá fi jẹun, òun ni ẹ ó fi ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀, òun náà ni ẹ ó bù sí ìdí ẹ̀fọ́ yín títí aago méjì yóò fi lù, bí ó bá tán, ẹ mọ ọ̀nà kànga. Omi mímu nìkan ló wà lọ́tọ̀.

Mo jókòó síbẹ̀ ní ọjọ́ náà, nítorí pé ọmọ mi kékeré ń sunkún pé òun kò ní dúró, mo sì fojú ara mi rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Kí aago mọ́kànlá tó lù, omi ẹgbẹ́ ọmọbìnrin mi ti gbẹ. Ọmọ kan ti fi odindi bàsíà omi fọ ọwọ́ tí yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ kàn, ẹlòmíràn sì ti da garawa kan sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nítorí ìtọ̀ lásán. Ẹnikẹ́ni kò bá wọn wí. Wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì, wọ́n tún gba ẹ̀yìnkùlé lọ nínú oòrùn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọmọ mi sọ fún mi nílé pé àwọn ti ń gbé bàsíà sábẹ́ ọwọ́ nígbà tí àwọn bá ń fọ̀ ọ́, kí omi ọṣẹ náà lè wúlò fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo béèrè ẹni tó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Màámi, kò sẹ́ni tó kọ́ wa o, ó ti rẹ̀ wá ni.”

Ìdáhùn yẹn gbé mi padà sí ilé ìyá ìyá mi, níbi tí kò ti sí ẹni tó jókòó kọ́ wa ní ìtọ́jú omi, tí kò sì sí ọmọ tó jẹ́ fi omi ṣòfò. Àmù kan ló wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, ẹni tó bá sì bu omi rẹ̀ dé ìdajì ti mọ̀ pé òun ni yóò lọ sódò ní ìdájí ọjọ́ kejì. Àwọn àgbà a máa sọ pé omi ló dànù, agbè kò fọ́, wọ́n a sì fi tu ẹni tí àdánù bá nínú. Ọ̀rọ̀ náà dára ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ru agbè dé láti odò mọ iye tí omi tó dànù náà jẹ́ ọrùn òun. Àwọn ọmọ tí a ń tọ́ báyìí kò ru agbè rí. Wọ́n ṣí ẹnu ẹ̀rọ, omi wá; bí kò bá wá, wọ́n á pariwo pé kí a tan jẹnẹrétọ̀. Lójú wọn, inú tánkì ni omi ti ń wá, bí ẹyin ṣe ń wá láti inú kíréètì. Ohun tí kíláàsì yìí mọ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé kò mọ̀ ni pé wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọrùn ọmọ kí wọ́n tó kọ́ orí rẹ̀.

Lẹ́yìn ti kẹ́ẹ̀gì, ẹ̀kọ́ ẹnu ẹ̀rọ tí ń jò ni mo fẹ́ràn jù. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n kó àwọn ọmọ jọ sí ìdí ẹnu ẹ̀rọ tó ti bí mi nínú yẹn. Wọ́n fi síríńjì tí a ti yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ gba ẹ̀kán omi, wọ́n sì ń kà á sókè: ogún ẹ̀kán ló di mílílítà kan. Ẹ̀kán kan ń bọ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ̀kán 60 tó bọ́ ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ mílílítà 3, ti wákàtí kan jẹ́ 180, ti ọ̀sán àti òru kan sì jẹ́ 4,320, èyí tó lé díẹ̀ ní lítà mẹ́rin. Bí a bá fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 130 lítà, ó sì ju kẹ́ẹ̀gì ńlá onílítà 25 márùn-ún lọ. Àwọn ọmọ tó ti pọn omi ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kò nílò ẹni tí yóò tún ṣàlàyé ohun tí kẹ́ẹ̀gì márùn-ún jẹ́ fún wọn. Ọmọkùnrin kan bínú, ó ní ṣé òun ni òun yóò wá máa pọn ìyẹn fún ẹnu ẹ̀rọ ni.

Ẹ̀kọ́ yìí bá wa dé ilé. Ní òru ọjọ́ náà gan-an, ọmọbìnrin mi wá jí mi pé òun ń gbọ́ omi ní balùwẹ̀. Ó ti tó ọdún kan tí ẹnu ẹ̀rọ náà ti ń ṣe tó-tó-tó, etí wa ti mọ́ ọn débi pé a kò gbọ́ ọ mọ́. Ní àárọ̀, ó gbé ìgò tó gba ìdajì lítà sábẹ́ rẹ̀, ó wo aago, ìgò náà sì kún ní ogójì ìṣẹ́jú. Ó jókòó ti ìwé rẹ̀, ó ṣe ìṣirò, ó sì gbé e wá fún bàbá rẹ̀: lítà 18 lójúmọ́, lítà 540 lóṣù, ìyẹn ju ìdajì tánkì wa lọ. Ẹ rántí pé ẹ̀rọ tí a fi epo bẹntiróòlù tàn ló ń fa omi yẹn gòkè. Púlọ́ḿbà tí a pè gba 2,500 náírà lọ́wọ́ wa, ohun tó ṣe kò sì ju pé ó pààrọ̀ rọ́bà kékeré kan tí kò tó owó ẹyọ ní fífẹ̀. Ojú tì mí díẹ̀, n kò ní purọ́.

Ohun mìíràn tí mo gbóríyìn fún wọn lé lórí ni bí wọ́n ṣe mú ìlú wa wọ inú ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n gbé ike méjì tó mọ́ gaara kalẹ̀, wọ́n rọ iyanrìn kún ọ̀kan, wọ́n sì to òkúta akọ kún èkejì, wọ́n tò ó pinpin débi pé àlàfo tó wà láàárín wọn kò ju fífẹ̀ ìka lọ. Wọ́n da lítà omi kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iyanrìn fa tirẹ̀ mu. Ti òkúta wọ inú àlàfo díẹ̀, ìyókù sì kún orí rẹ̀ títí ó fi ṣàn dànù. Ìyá Àgbà bi wọ́n pé ìlú wo ni wọ́n wà, wọ́n ní Abẹ́òkúta. Ó ní abẹ́ kí ni? Mo rí i lójú àwọn ọmọ pé wọn kò tíì fi etí sí orúkọ ìlú wọn rí títí di ọjọ́ náà. Òkúta tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà tí wọ́n tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ ní 1830 kì í fa omi mu bí iyanrìn; inú ibi tó ti sán àti ibi tó ti jẹrà ni omi ń gbé nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi lè gbẹ́ kànga nínú ọgbà kan kí omi yọ, kí aládùúgbò gbẹ́ tirẹ̀ ní ìwọ̀n ogún ẹsẹ̀ sí i kí ó bá àpáta gbígbẹ, ìdí náà sì nìyí tí ọ̀pọ̀ kànga wa fi ń fà nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti pẹ́, kí òjò tuntun tó dé. Mo ti gbé ní ìlú yìí fún ọdún méjìlélógún, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bẹ́ẹ̀ rí.

Láti orí òkúta ni wọ́n ti bọ́ sórí òjò, wọ́n sì fi àlọ́ ṣí i: ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kanlẹ̀, ó kan ọ̀run. Àwọn ọmọ gbé agolo tó dúró ṣánṣán síta láti fi wọn òjò. Ọ̀nà tí wọ́n fi kọ́ wọn rọrùn: bí òjò tó rọ̀ bá ga ní mílímítà kan nínú agolo, lítà kan ti bọ́ sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan ní òró àti mítà kan ní ìbú. Òrùlé tó jẹ́ mítà mẹ́wàá sí mẹ́jọ yóò gba 800 lítà nínú òjò mílímítà mẹ́wàá péré. Òjò tó ń rọ̀ sí Abẹ́òkúta lọ́dún lé ní 1,000 mílímítà, nítorí náà ohun tó ń ṣàn kúrò lórí òrùlé bẹ́ẹ̀ lọ sí gọ́tà láàárín ọdún kan lé ní ọgọ́rin tánkì. Wọ́n kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ kọ́kọ́ fọ eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lórí páànù kí wọ́n tó gbé ike sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ó ṣeni láàánú pé inú oṣù Kẹjọ ni kíláàsì náà bọ́ sí, ìgbà tí òjò sábà máa ń sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n rí òjò wọ̀n.

Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ni ẹ̀sùn mi àkọ́kọ́. Wọ́n gba 3,000 náírà lọ́tọ̀ pé àwọn yóò kó àwọn ọmọ lọ wo bí a ṣe ń sọ omi odò di omi ẹ̀rọ. Ọjọ́ pé, ọkọ̀ kò wá, kò sì sí àlàyé kan tó dúró lórí ẹsẹ̀ méjì. Wọ́n dá owó náà padà ní ọ̀sẹ̀ kẹta, lẹ́yìn tí àwa òbí ti pè wọ́n títí tí ẹnu ń ro wá. Mo gbà pé ohun tí Ìyá Àgbà fi rọ́pò rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fojú rénà: ó fi ẹfun ya odò Ògùn sórí sìmẹ́ńtì láti apá òkè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó fà á gba àárín Abẹ́òkúta kọjá, ó sì fà á dé ọ̀sà ní Èkó, ó wá ya odò Ọyán tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀, ó sì gbé bíríkì kan dí i gẹ́gẹ́ bí ìsédò tí wọ́n ṣí ní 1983. Ó sọ fún wọn pé adágún tó wà lẹ́yìn ìsédò Ọyán lè gba omi tó máa kún tánkì mílíọ̀nù 270 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gba lítà 1,000, àti pé ara omi yẹn ni Èkó àti Abẹ́òkúta ń mu lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ọmọ kan béèrè pé bí omi bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹ̀rọ ilé àwọn kì í yọ. Ìbéèrè náà mú ọgbọ́n lọ́wọ́. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní omi nínú adágún yàtọ̀ sí omi nínú páìpù, ó sì sọ̀rọ̀ iná, àlọ́ọ̀mù tí ń kó ẹrẹ̀ inú omi jọ, klorínì tí ń pa kòkòrò inú rẹ̀, àti páìpù tó bẹ́ lábẹ́ ilẹ̀. Ìdáhùn gidi ni. Síbẹ̀, ọmọ tó bá rí adágún ilé iṣẹ́ omi, níbi tí ẹrẹ̀ inú omi ti ń dì mọ́ra tó sì ń rì sísàlẹ̀, kò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé, ẹfun sì ti parẹ́ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Aláàdìrẹ kan wá láti Ìtòkú ní ọjọ́ kẹfà. Ohun tí mo rò ni pé wọ́n kàn fẹ́ fi aṣọ aláràbarà dá àwọn ọmọ lára yá, àmọ́ nítorí bí ó ṣe ń ṣan aṣọ ni wọ́n ṣe pè é. Ẹni tó ń pa aṣọ láró mọ̀ pé omi tí a fi ń ṣan án títí yóò fi mọ́ ló ń pọ̀ jù. Ó to bàsíà mẹ́ta tẹ̀léra. Aṣọ kọ́kọ́ wọ ti àkọ́kọ́, ó bọ́ sí ìkejì, ó parí sí ìkẹta. Bí ti àkọ́kọ́ bá ti dúdú jù, a ó dà á nù, ìkejì yóò di àkọ́kọ́, ìkẹta yóò di ìkejì, a ó sì wá bu omi tuntun sí ìkẹyìn. Àwọn ọmọ fi abọ́ oúnjẹ wọn dán irú rẹ̀ wò. Wọ́n fọ abọ́ mẹ́jọ lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ tó ń ṣàn, wọ́n sì gba omi náà sínú garawa. Wọ́n fọ mẹ́jọ mìíràn nínú bàsíà mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́ gba 22 lítà, èkejì gba mẹ́sàn-án. Ohun tí n kò gba tiwọn ni pé inú gọ́tà ni wọ́n da omi aró náà sí nígbà tí wọ́n parí, láìsọ ọ̀rọ̀ kankan. Omi tí sódà àti aró wà nínú rẹ̀ ń gba gọ́tà lọ sódò, odò yẹn sì ni wọ́n fi ẹfun yà fún àwọn ọmọ lánàá. Ìtọ́jú omi kò parí sí pé kí a lo kékeré.

Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn láti sẹ́ omi ni ohun tó sún mọ́ ewu jù nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n gé ìdí ìgò, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n fi òwú dí ẹnu rẹ̀, wọ́n sì to èédú tí a gún, iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ sí i lórí òwú náà. Omi ẹlẹ́rẹ̀ wọlé láti òkè, omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ gaara sì ń kán jáde nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Ọmọ mi kékeré pàtẹ́wọ́ tirẹ̀ tán, ó sì gbé ife náà sẹ́nu. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ló já a gbà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ó yẹ kí a ti sọ ọ́ lásọtúnsọ kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó jáde pé ẹrẹ̀ ni ìgò yìí ń mú, kì í mú kòkòrò àìfojúrí, àti pé omi tó mọ́ lójú lè gbé àrùn onígbáméjì tàbí ibà jẹ̀funjẹ̀fun wọlé, àfi bí a bá sè é tó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán. Wọ́n sọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ìjàǹbá ti fẹ́ ṣẹlẹ̀ ni. Nígbà tí mo sọ fún Ìyá Àgbà, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, ó sì ṣèlérí pé láti ìsinyìí lọ, òun yóò po aró díẹ̀ mọ́ omi náà, kí ó má baà wu ọmọ kankan mu.

Àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn pọ̀. Wọ́n so kẹ́ẹ̀gì mọ́ igi, wọ́n so okùn mọ́ pákó nísàlẹ̀, ọmọ a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, omi díẹ̀ a sì dà sọ́wọ́; láti Zimbabwe ni wọ́n ti mú ọgbọ́n rẹ̀ wá, ó sì dára débi pé a ti ṣe ọ̀kan sí ẹ̀yìnkùlé tiwa. Wọ́n fi koríko gbígbẹ bo ìdí ẹ̀fọ́ kan, wọ́n fi òmíràn sílẹ̀ ní ìhòòhò, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ fi ìka gún ilẹ̀ méjèèjì lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Wọ́n ya àwòrán, wọ́n kọrin; n kò ní ohun tí mo fẹ́ sọ sí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ èdè ló ń dùn mí. Ẹnu Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, ó sì dùn létí, ṣùgbọ́n gbogbo ìwé tí wọ́n pín fún wọn láti kọ ohun tí wọ́n wọ̀n sí jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì látòkè délẹ̀. Ọmọ mi mọ̀ pé omi inú abọ́ tó wà lóòrùn ti fà, ó mọ̀ pé ó di oru, pé oru ló ń di ìkùukùu àti ìrì, àmọ́ kò mọ ọ̀rọ̀ tí ìwé náà ń béèrè, ó sì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan. Kò sí ohun tó wà nínú ìwé yẹn tí èdè wa kò lè gbé. Ní ọjọ́ ìkẹyìn ẹ̀wẹ̀, wọ́n rọ omi sínú bàlúùnù, àwọn ọmọ sì ń sọ ọ́ lu ara wọn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo lítà tí ọmọ mélòó kan ti fi orí rù ní ọjọ́ àkọ́kọ́ bí ó ṣe ń fọ́ sára ògiri. Wọ́n ní eré ni. Ọmọbìnrin mi kò bá wọn ṣe é. Ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń ka bàlúùnù.

Ní ti ọjọ́ orí, ẹ má ṣe gbà wọ́n gbọ́ bí wọ́n bá ní láti ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ọmọ mi ọlọ́dún márùn-ún rí ibi ta omi, ó tutù, ó sì dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò lè ka ẹ̀kán, kò lè ru kẹ́ẹ̀gì, ọmọ bíi tirẹ̀ mẹ́sàn-án ló sì wà níbẹ̀ tí wọ́n gba àkókò àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì mọ́ àwọn tó lè kọ́ nǹkan lọ́wọ́. Ọmọ ọgbọ̀n sí olùkọ́ mẹ́ta, nígbà tí kànga wà nínú ọgbà, kò tó. Fún ọmọ ọdún méje sí méjìlá, 18,000 náírà náà kò wọ́n lójú mi. Púlọ́ḿbà nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá díẹ̀ nínú rẹ̀ padà fún wa, bí a bá ṣírò epo tí a ń sun.

Wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ fún ìsinmi Àjíǹde. Ọmọbìnrin mi ni mo kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ń parí lọ ni yóò bọ́ sí, mo sì fẹ́ kí ó rí ibi tí omi kànga náà yóò kù sí. Àbúrò rẹ̀ yóò dúró ti èmi nílé títí yóò fi pé ọdún méje. Ní ti owó ìrìn-àjò, mo ti sọ fún Ìyá Àgbà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ọjọ́ tí mo bá rí ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí dírẹ́bà sì jókòó sínú rẹ̀, ni n ó san án.